Ẹ Yé Sọ Pé Ó Kàn Kú Ni

Bí wọ́n bá sọ fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan pé sáfà rẹ̀ ní àléébù tí olè lè gbà wọlé kó dátà lọ, kò ní sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìpàdé á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dénú kàn, owó á jáde. Ẹ wá sọ fún ọ̀gá yìí kan náà pé ẹnìkan lè jókòó sílé rẹ̀ ní òkèèrè kó mú sáfà yẹn dákẹ́ lójijì, láìmú ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Á mí kanlẹ̀. Á ní, "Ó kàn máa kú ni? Ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn." Bí ẹ bá tẹnu mọ́ ọn, á ní sáfà kékeré ni, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ jí níbẹ̀, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí làwọn fẹ́ fọwọ́ kàn án fún?

Kì í ṣe àwọn ọ̀gá nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí mo bọ̀wọ̀ fún ń sọ ọ́. Àwọn tó ń ṣe ráútà àti kámẹ́rà ń fi ìwà sọ ọ́, nítorí wọ́n ń ta ọjà tí wọ́n mọ̀ pé sọ́fítíwíà inú rẹ̀ ti kú tipẹ́. Èrò náà ti gbilẹ̀ débi pé ẹni tó bá takò ó máa ń dà bí ẹni tó ń wá wàhálà. Mo takò ó. Mo ní sáfà tó dákẹ́ ti ṣe ẹni tó gbójú lé e níbi, yálà wọ́n jí nǹkan tàbí wọn ò jí. Mo sì ní sáfà kékeré tó ti darúgbó gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára lé lórí jù, torí òun ni kò ní olùṣọ́.

Sáfà tí mò ń sọ kì í ṣe kọ̀ǹpútà ràgàjì tó wà nínú yàrá ẹ̀rọ amúlétutù. Ó wà lórí tábìlì yín. Bí ẹ bá tẹ 192.168.1.1 sínú búráúsà, tí ojú ìwé kan yọ tó ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù, sáfà wẹ́ẹ̀bù ló dá yín lóhùn láti inú ráútà. Irú rẹ̀ wà nínú kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ẹnu géètì, ó wà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì, ó wà nínú àpótí tó ń darí iná oòrùn. Orúkọ wọn kò lókìkí: Boa, GoAhead, RomPager, thttpd, mini_httpd. Àwọn tó kọ wọ́n fún wọn wọ mẹ́mọ́rì táṣẹ́rẹ́, iṣẹ́ ọpọlọ gidi sì ni. N kò bú wọn. Àwọn tí mò ń bá wí ni àwọn tó gba iṣẹ́ ọpọlọ yẹn, tí wọ́n tì í sínú ọjà, tí wọ́n sì kẹ̀yìn sí i.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà mú sáfà dákẹ́, pípa méjèèjì pọ̀ ló sì jẹ́ kí àṣìṣe èrò yìí pẹ́ láyé. Nínú ọ̀nà àkọ́kọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ á kọlu sáfà kan lẹ́ẹ̀kan náà, ìbéèrè á pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Nínú ọ̀nà kejì, ẹnì kan ṣoṣo á fi ìbéèrè kan tàbí ìwọ̀nba díẹ̀ ránṣẹ́, tí ó hun lọ́nà tí sáfà náà kò fi mọ bí yóò ṣe kà á, ìbéèrè ọ̀hún á sì gbé e ṣubú. Agbára ni ti àkọ́kọ́. Àṣìṣe inú sọ́fítíwíà ni ti èkejì, ẹni tó kọ ọ́ sì lè tún un ṣe. Bí àwọn ènìyàn bá ti gbọ́ DoS, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe mímú sáfà dákẹ́ báyìí, ti àkọ́kọ́ ni ọkàn wọn máa ń lọ sí, wọ́n á ní kò sí ohun tí ẹ̀dá lè ṣe sí i. Ti èkejì ni mò ń sọ.

Ẹ wo bí ó ṣe kéré tó. Lọ́dún 2000, wọ́n rí i pé ráútà Cisco tó ń lo IOS, sọ́fítíwíà Cisco fúnra rẹ̀, láti ẹ̀dà 11.1 títí dé 12.1, ní àléébù kan nínú sáfà wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n fi ń tò ó. Nínú àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù, àmì ìdá ọgọ́rùn-ún, ìyẹn %, ń sọ fún sáfà pé àmì méjì tó tẹ̀ lé òun dúró fún lẹ́tà kan. Ẹnìkan wá kọ % méjì léra, báyìí: %%. Sáfà rí èkíní, ó ń wá nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀, ó bá % mìíràn pàdé, kò sì mọ ibi tí yóò bá jáde mọ́. Ó ń yí po lójú kan náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, aago ìṣọ́ inú ráútà rí i pé ara rẹ̀ kò yá, ó sì pa gbogbo ráútà náà kó lè tún bẹ̀rẹ̀. Àmì méjì péré tí ọmọdé lè tẹ̀ ló dá ráútà dúró, ìyẹn ráútà tí odidi ilé iṣẹ́ ń gbà jáde sí ayélujára. Kò gba pásíwọ́ọ̀dù, kò gba ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kò gba ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ní àléébù báyìí kò ju kí a tún ráútà tàn, kó dá mi lóhùn: ìgbà mélòó ni yóò tún un tàn kó tó rẹ ẹni tó ń tẹ % méjì?

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò tilẹ̀ ní àmì àjèjì kankan nínú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, Robert Hansen, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ sí RSnake, gbé ohun èlò kan jáde tó pè ní Slowloris. Bí búráúsà bá ń bá sáfà sọ̀rọ̀, á kọ ìlà bíi mélòó kan ránṣẹ́, á wá fi ìlà òfìfo kan parí ọ̀rọ̀, kí sáfà lè mọ̀ pé ó kan òun láti fèsì. Slowloris kì í fi ìlà òfìfo yẹn ránṣẹ́. Á sọ ìlà kan, á dákẹ́. Kó tó di pé ó sú sáfà, á sọ ìlà mìíràn. Á ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dà bí ìgbà tí àwọn mélòó kan bá dúró sí gbogbo fèrèsé akawó ní báńkì, tí wọ́n ń ka náírà mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ parí. Wọn ò jalè, wọn ò pariwo, ẹni tó wá gba owó ilé ìwòsàn lẹ́yìn wọn kò kàn ní í dé iwájú ni. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó fún Slowloris láti dá sáfà Apache ìgbà náà dúró. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn lórí ìbò Ìráànì lò ó lòdì sí ìkànnì ìjọba ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣe Apache fèsì: ní 2010 wọ́n fi mod_reqtimeout sí i, tó ń fún ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ ní gbèdéke. Sáfà kékeré inú kámẹ́rà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè dá ju ènìyàn mélòó kan lóhùn lẹ́ẹ̀kan, gbèdéke ò sí, ẹni tí yóò sì fi gbèdéke sí i ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ "kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ jí." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bí mi nínú jù, torí àwa ọmọ Nàìjíríà ló yẹ kó kẹ́yìn lẹ́nu wa. A mọ ìyà ẹ̀rọ tó dákẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó náírà tuntun di àwátì, tí gbogbo ènìyàn sá lọ sórí ṣíṣe tiransífà, mélòó nínú wa ni kò dúró níwájú alátà, tí owó wà nínú àkáǹtì, tí fóònù wà lọ́wọ́, tí áàpù báńkì sì ń yí bírí láìṣí? Kò sí olè tó kó kọ́bọ̀. Owó wa wà níbẹ̀ ní pípé, ebi sì ń pa wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun gé ní ìtòsí Abidjan, lára wọn ni WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì dákẹ́ ní Èkó, nẹ́tíwọ̀kì fà sẹ́yìn láti Ghana títí dé ọ̀dọ̀ wa. Níbẹ̀ náà, kò sí ẹni tó jí dátà ẹnikẹ́ni. Àfi bí a bá fẹ́ parọ́ fún ara wa, a kò lè sọ pé kò sí ohun tó ṣe wá lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Bí ìdákẹ́jẹ́ tó ti ọwọ́ ìjàǹbá wá bá lè dùn wá tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí èyí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà, tó sì ní àtúnṣe, fi di ohun tí a ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn?

Wọ́n á ní ìyẹn jẹ́ ti báńkì àti wáyà ńlá, ti sáfà kékeré yàtọ̀. Ó dáa. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé iṣẹ́ sPower ní Amẹ́ríkà, tó ń fi afẹ́fẹ́ àti oòrùn pèsè iná, bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ojú rẹ̀. Àwọn firewall Cisco, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì, tó wà láàárín ibùdó ìdarí wọn àti oko iná ní California, Utah àti Wyoming ń kú, wọ́n ń jí, wọ́n tún ń kú. Ẹnìkan tí kò ní pásíwọ́ọ̀dù kankan ń lo àléébù kan nínú sáfà wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n fi ń tò wọ́n. Ìgbàkígbà tí ọ̀kan bá kú, àwọn tó wà ní ibùdó ìdarí kò ní rí ohun tó ń lọ ní oko iná fún ìwọ̀n tí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá ló fi ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iná kò kú nílé ẹnikẹ́ni, àwọn alátakò mi á sì di ìyẹn mú. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìtàn náà kà. Firewall ọ̀hún ń tún ara rẹ̀ tàn fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ṣe ní kí wọ́n ṣe, títàn yẹn gan-an ló sì ń fọ́ wọn lójú ní gbogbo ìgbà. Àtúnṣe àléébù náà ti jáde kí ọjọ́ 5 oṣù kẹta tó dé. Wọn kò tíì fi sí i ni. Nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣọ́ ààbò iná mànàmáná ní Àríwá Amẹ́ríkà, kọ ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ náà jáde ní oṣù kẹsàn-án, ìmọ̀ràn wọn rọrùn: ẹ máa fi àtúnṣe sí i bó bá ti jáde, ẹ sì dín iye ẹ̀rọ tí ayélujára lè rí kù.

"Ta ló tiẹ̀ mọ̀ wá tí yóò fojú sí wa lára?" Ìbéèrè yìí dùn ún béèrè, Jámánì sì dáhùn rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 2016. Ọjọ́ Àìkú ni. Nǹkan bí 900,000 oníbàárà Deutsche Telekom ni íntánẹ́ẹ̀tì já mọ́ lọ́wọ́, fóònù ilé àti tẹlifíṣọ̀n àwọn mìíràn bá a lọ. Ẹnìkan ń wá gbogbo ayé kiri fún ráútà tí ojú ọ̀nà 7547 rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìyẹn ojú ọ̀nà tí àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà tún ráútà oníbàárà wọn tò láti òkèèrè. HTTP ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Sáfà wẹ́ẹ̀bù kékeré ni. Ẹni náà fẹ́ fi kòkòrò ayélujára tí wọ́n ń pè ní Mirai sínú àwọn ráútà yẹn, kó lè máa fi wọ́n kọlu àwọn ẹlòmíràn. Àbí ẹ mọ ohun tí àwọn tó yẹ ráútà Speedport ti Telekom wò rí? Àléébù tí onítọ̀hún ń wá kò sí nínú rẹ̀ rárá. Kò lè wọ ibẹ̀. Ìbéèrè tó ń rọ́ dé léraléra ni ráútà náà kò lè gbé, tí ó fi dì. Ó wá gba ráútà, ráútà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn 900,000 yìí kọ́ ni ó ń wá, kò mọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn, àléébù tó tìtorí rẹ̀ wá kò sí lọ́dọ̀ wọn. Àléébù kejì, èyí tí gbogbo ayé ń fojú kékeré wò, ni wọ́n ní, òun ló sì dá wọn dúró.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù keje ọdún 2001, Code Red, kòkòrò ayélujára tó ń wá sáfà IIS ti Microsoft, wọ ẹ̀rọ tó lé ní 359,000 láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́rìnlá. Ibi tó bá ti bá sáfà wẹ́ẹ̀bù ló ń kàn, kò bìkítà irú tó jẹ́. Ráútà DSL Cisco ti ọ̀wọ́ 600 kò ní IIS nínú. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè Code Red bá ti dé ojú ìwé tí wọ́n fi ń tò ó, ó bá àléébù mìíràn pàdé níbẹ̀, ráútà á sì ṣíwọ́ gbígbé ọ̀rọ̀ kọjá. Àwọn ènìyàn pàdánù íntánẹ́ẹ̀tì nítorí kòkòrò tí kò lè ṣe wọ́n ní ohunkóhun.

Ẹni tó fa ti Jámánì ni Daniel Kaye, ará Bìrìtìkó, wọ́n sì mú un ní pápákọ̀ òfurufú Luton ní oṣù kejì ọdún 2017. Ìtàn rẹ̀ dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín. Òṣìṣẹ́ kan nílé iṣẹ́ tó ń bá ilé iṣẹ́ fóònù Lonestar díje ní Làìbéríà ló ti ń sanwó fún un kó máa mú nẹ́tíwọ̀kì Lonestar dákẹ́. Ó ṣe é. Àwọn oníbàárà sá lọ, Lonestar pàdánù owó tó wọ mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá dọ́là, bẹ́ẹ̀ ni títún ilé tò nìkan jẹ nǹkan bí $600,000. Ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán Kaye lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ ní oṣù kìíní ọdún 2019. Agbára tó fi dá Lonestar dúró wá láti inú kámẹ́rà àti ráútà àwọn ènìyàn tí wọn kò gbọ́ orúkọ Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, rí. Wọ́n ra kámẹ́rà, wọ́n so ó mọ́ ògiri, wọ́n ní kò sí ohun tí olè fẹ́ jí nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, kò jí nǹkan nínú rẹ̀. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló jí lò, àwọn aráàlú Làìbéríà ló sì jẹ gbèsè rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń sọ pé "ó kàn máa kú ni" kò fẹ́ kí a rántí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ikú sáfà ni àmì àkọ́kọ́ pé ẹnìkan ti ń kọ nǹkan sí ibi tí kò yẹ nínú mẹ́mọ́rì rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2002, àwọn tó ń ṣe Apache kéde àléébù kan nínú bí sáfà wọn ṣe ń ka ìbéèrè tó ń wọlé ní ègé-ègé. Wọ́n ní lórí ẹ̀rọ Unix 32-bit, kò lè ju kí sáfà kú lọ. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Gobbles fi gbé ohun èlò jáde tó fi àléébù yẹn gba ẹ̀rọ OpenBSD pátápátá. Apache ní láti tún ìkéde wọn kọ, kí oṣù náà sì tó parí, kòkòrò tí wọ́n pè ní Scalper ti ń gba ibẹ̀ wọ ẹ̀rọ FreeBSD. Àwọn tó kọ Apache nìyẹn, ògbóǹtarìgì ni wọ́n, wọ́n sì wò ó dáadáa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bí irú wọn bá lè rò pé ó kàn máa kú ni, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, ta lẹni tó ń ta kámẹ́rà tí yóò fọwọ́ sọ̀yà?

Ní ti dídarúgbó, ẹjọ́ yẹn rọrùn. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti fi Boa sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń tún un ṣe mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Microsoft ròyìn pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, àwọn rí ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan lórí ayélujára tó ń lo Boa. Wọ́n rí i lọ́wọ́ ìwádìí ìkọlù tó dé ilé iṣẹ́ iná ní Íńdíà. Sọ́fítíwíà tó ti kú fún ọdún mẹ́tàdínlógún ṣì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní tuntun, torí ó wà nínú àpò irinṣẹ́ tí àwọn tó ń ṣe chip ń fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ. Ti RomPager tún burú ju èyí lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, ilé iṣẹ́ Check Point kéde àléébù kan nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Misfortune Cookie: ó kéré tán, mílíọ̀nù 12 ráútà ló ní in. Allegro Software, tó ni RomPager, ti tún un ṣe láti 2005. Ọdún mẹ́sàn-án! Àtúnṣe wà, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀. Ẹni tó ṣe chip mú ẹ̀dà àtijọ́, ó fún ẹni tó ṣe ráútà; ẹni tó ṣe ráútà tà á fún ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì; ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé e sílé oníbàárà. Olúkúlùkù ń tọ́ka sí ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ẹ̀rọ òun ṣì ń ṣiṣẹ́, mo gbà. Boa ń ṣiṣẹ́, RomPager ń ṣiṣẹ́, ráútà Cisco ọdún 2000 ń ṣiṣẹ́ títí di ìgbà tí ẹnìkan tẹ %%.

Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn tó lágbára jù lọ́dọ̀ àwọn alátakò mi, mi ò sì ní fò ó. Wọ́n ní kí la fẹ́ tún àléébù kéékèèké ṣe sí, nígbà tí ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó pọ̀ lọ́wọ́ lè fi tipátipá dá sáfà èyíkéyìí dúró? Lóòótọ́, ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Google kéde ìkọlù kan tó gun 398 mílíọ̀nù ìbéèrè ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí sáfà kékeré tó lè dúró níwájú ìyẹn. Ṣùgbọ́n irú agbára bẹ́ẹ̀ ń náni lówó, ó ń fi ipa sílẹ̀, ó sì ń gba kí ènìyàn mọ̀-ọ́n-mọ̀ yan ẹni tó fẹ́ kọlù. Àléébù tí ìbéèrè kan ń pa kò náni ní ohunkóhun. Ọmọ ilé ìwé tí ìdánwò bí nínú lè lò ó, òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé lè lò ó, kòkòrò tó ń kọjá lọ lè lò ó láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń dúró níwájú sáfà láti gba ìkọlù ńlá mọ́ra kò mọ̀ pé ráútà inú ilé ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ wà láyé. Wọn ò lè gbà á sílẹ̀.

Àwọn mìíràn á gbé ìwọ̀n jáde. Wọ́n á ní àwọn ògbóǹtarìgì fúnra wọn ka DoS sí kékeré. Irọ́ ni. Ìwọ̀n CVSS ti ẹ̀dà kẹta, tí gbogbo ayé fi ń díwọ̀n bí àléébù ṣe burú tó, fún àléébù tí ará òkèèrè lè fi kó gbogbo dátà láìní pásíwọ́ọ̀dù ní 7.5. Èyí tí ó lè fi mú sáfà dákẹ́ pátápátá lọ́nà kan náà, 7.5 ni òun náà. Ọgbọọgba ni wọ́n. Àwa tó ń ka ìwọ̀n ló ń fi ọkàn ara wa gé e kúrú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń san ẹ̀bùn fún ẹni tó bá bá wọn rí àléébù kọ ọ́ sínú òfin wọn pé DoS kò ní ẹ̀bùn. Mo gbà pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá dá sáfà àwọn dúró nítorí ìdánwò, ìyẹn bójú mu. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni wọ́n fi ń lé ẹni tó wá jẹ́jẹ́, tó ní, "Ìbéèrè kan ṣoṣo ń pa sáfà yín, ìlà tó fà á nìyí." Ìyẹn kò bójú mu.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó ní kò sówó kò parọ́. N kò ní kí ilé ìwé tí kò rí owó dísẹ́ẹ̀lì fi ra ráútà tuntun lọ́dọọdún. Ohun tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ wọ ojú ìwé tí ẹ fi ń tò ráútà yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "remote management" sí, ẹ pa á. Kámẹ́rà kò ní ohun tó ń wá lójú ayélujára gbangba. Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́yìn ráútà. Bí sáfà àtijọ́ kan bá wà tí ẹ kò lè ṣe aláìlò, ẹ fi nginx síwájú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni láti 2004 tí Igor Sysoev ti gbé e jáde, yóò gba ìbéèrè tó ń falẹ̀ àti ọ̀pọ̀ èyí tó wọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ arúgbó náà. Bí àtúnṣe bá wà, ẹ fi sí i. Ẹni tó ń ṣe èyí kò ní lò ju wákàtí kan lọ lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a di gbogbo ẹrù yìí lé orí ẹni tó ra ọjà. Bìrìtìkó ti rí i. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ibẹ̀ ti ní kí ẹni tó bá ń ta ẹ̀rọ tó ń wọ ayélujára fún aráàlú kéde, ní ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i, títí di ìgbà wo ni yóò máa tún ààbò rẹ̀ ṣe, ó sì fòfin de pásíwọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo ẹ̀rọ. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nọ́ńbà 2024/2847, yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 2027. Yóò sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ṣe ẹ̀rọ láti máa tún àléébù rẹ̀ ṣe, ọdún márùn-ún ó kéré tán fún ọ̀pọ̀ ọjà. Àwa náà ní ọ́fíìsì tó lè béèrè. Kò yẹ kí ráútà wọ ọjà Nàìjíríà láìjẹ́ pé NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ wa, ti yẹ̀ ẹ́ wò tó sì fọwọ́ sí i. Agbára yẹn wà lọ́wọ́ wọn báyìí, kò gba òfin tuntun láti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kí wọ́n fi ìbéèrè mẹ́ta kún fọ́ọ̀mù wọn: sáfà wẹ́ẹ̀bù wo ló wà nínú ẹ̀rọ yìí, ẹ̀dà ọdún wo, àti pé ọjọ́ wo ni àtúnṣe rẹ̀ yóò dópin. Kí wọ́n má fọwọ́ sí èyí tó bá ní Boa nínú. Kí wọ́n sì ní kí wọ́n tẹ ọjọ́ yẹn sára páálí, ní nọ́ńbà gàdàgbà, níbi tí ẹni tó ń ná an ní Computer Village ní Ìkẹjà á ti rí i kó tó kó owó lé ọlọ́jà lọ́wọ́.